Ibùsùn Ìrókò Tí Mo Ní Ikán Ti Jẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí ní ìlú Tchaourou, ní ilẹ̀ Benin. Ohun tí mo ṣe yìí, ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ tún ti gbé iṣẹ́ wá fún mi.

Ọdún tí kajú kò lówó lórí ni. Àwọn tó máa ń ṣe àga tuntun lẹ́yìn tí wọ́n bá ta kajú kò yọjú. Pákó wọ́n, fóòmù wọ́n. Ẹni tó ti bẹ̀ mí níṣẹ́ àga ní kí n dúró ná, oúnjẹ ọmọ ló kàn. Àtúnṣe nìkan ló kù.

Ìgbà náà ni ìyá àgbà kan gbé ibùsùn wọn wá láti Alafiarou. Opó ni wọ́n. Ìrókò gidi ni ibùsùn náà, olóògbé ọkọ wọn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án nígbà tí wọ́n fẹ́ra. Ẹsẹ̀ kan péré ló yẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, agbára tuntun kò sí. Bá mi tún èyí ṣe."

Iṣẹ́ kékeré ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé ń wá tábìlì ìrókò, n kò sì rí owó ra pákó. Mo tú ibùsùn ìyá, mo fi ṣe tábìlì tà fún un. Nígbà tí wọ́n dé, mo ní, "Màmá, ikán ti jẹ inú rẹ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ikán kankan kò sí níbẹ̀. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo fi kan òmíràn fún wọn, mo ní kí wọ́n má san nǹkan kan.

Ìyá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi, ọmọ wọn! Mo ń dá wọn dúró, wọn kò gbà.

Láti ìgbà náà, bí iṣu tuntun bá ti jáde, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí mi. Ìyàwó mi á gún un, n ó sì jẹ ẹ́. Ibùsùn náà ti tẹ̀ láàárín. Wọ́n ní kì í ṣe ẹjọ́ mi, ara àwọn ló wúwo. Bẹ́ẹ̀ ìyá náà tín-ín-rín bí ọ̀pá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú ọmọ ọmọ wọn tó ń lọ sílé ọkọ wá. Wọ́n ti ta ewúrẹ́ nítorí ibùsùn rẹ̀.

Wọ́n ní, "Àwọn kan ní ká lọ ra ti Parakou. Mo ní rárá, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní rẹ́ wa jẹ là ń lọ."

Mo ti lọ bẹ ọkùnrin tó kọ́lé náà pé kó ta tábìlì padà fún mi. Ẹ̀rín ló fi mí rín.

Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ṣe ti ọmọ náà láìgba owó, ṣé ó tán nìyẹn? Àbí kí n lọ sí Alafiarou, kí n jẹ́wọ́? Bí ìyá bá bú mi, mo lè gbà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ọkọ wọn, kí ni n ó wí?