Erékùsù tí Kò Sí

Ní ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé, lórí ìlà ilé ìwòsàn ní Kàbbà, mo gbọ́ tí tísà kan tí kò rí òkun rí ń la àgbẹ̀ kan lọ́yẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni àgbẹ̀ náà fi gbé ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣàìsàn wá láti abúlé kan lẹ́yìn Odo-Ape.

"Bàbá, láyé àwọn bàbá ńlá yín, ọkọ̀ òyìnbó kan fi oṣù mẹ́ta wá erékùsù kan lórí òkun Pàsífíìkì. Ó wà nínú máàpù àwọn atukọ̀. Wọn ò rí i, wọ́n bá pa á rẹ́."

"Oṣù mẹ́ta, nítorí ohun tí kò sí?"

"Kí máàpù lè tọ̀nà ni, bàbá."

"Wọ́n kú làálàá. Abúlé tiwa wà, kò sí nínú máàpù. A kọ̀wé sí ajẹ́lẹ̀ pé kó kọ́ ilé ìwòsàn fún wa."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Nígbà tí mo lọ béèrè èsì, akọ̀wé rẹ̀ ní kò síbi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú mi ló ń wò tó fi sọ ọ́."