Orúkọ Tí Mo Gé Kúrò Nínú Ìwé Ìsìnkú Bàbá Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbéraga kọ́, ẹ béèrè mi wò. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sínú. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé mo ti rí ẹni tó jẹ́ kí n lè sọ ọ́.

Ọkọ tí Màmá wa kọ́kọ́ fẹ́ ló bí ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bọ́lá. Bàbá mi kàn tọ́ wọn ni, síbẹ̀ Bàbá fẹ́ràn wọn ju èmi ọmọ tí Bàbá bí lọ. Ó dùn mí láti kékeré.

Bàbá kú lọ́dún kejì tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá. Èmi ni mo tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Àǹtí ka pírúùfù, ìyẹn ẹ̀dà tí ẹbí máa ń yẹ̀ wò kí a tó tẹ ìwé. Orúkọ wọn ló ṣáájú láàárín àwọn ọmọ, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo fi bíléèdì gé orúkọ náà kúrò lára fíìmù tí a fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn bí mo ṣe ń gé e.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Àǹtí wá orúkọ wọn títí. Mo ní ẹ̀rọ ló jẹ ẹ́. Wọ́n ní, "Kò burú." Láti ọjọ́ náà wọn ò wálé mọ́. Màmá ní ọmọ àwọn ti di aláìmoore. Mo gbọ́, mo dákẹ́.

Ìbínú wá di oúnjẹ mi. Ìyàwó mi ò lè bá mi sọ̀rọ̀ kó má dìjà. Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní Fádèyí, onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn. Ọ̀rọ̀ ni oògùn tirẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀gá, ṣé kò sí wàhálà lórí báyìí?" Mo lọ bẹ́ẹ̀. Mo sunkún níwájú ọmọ tí mo lè bí, ojú ò sì tì mí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó bi mí pé, "Sà, ta lẹ ń bínú sí gan-an?" Mo ní bàbá mi ni. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi jáde lẹ́nu mi.

Mo lọ bá Àǹtí nílé wọn ní Ladi-Lak, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Ṣebí èmi ni mo sáìnì pírúùfù yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ẹnu ẹ ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ." A jọ jẹun lọ́jọ́ náà. Mo ti tẹ pósítà fún olóṣèlú tó wọlé rí, kò wú mi lórí tó ìjẹ́wọ́ yẹn.

Ó wá ku Màmá. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo mú Àǹtí wálé. Àǹtí kúnlẹ̀, Màmá ò dá wọn lóhùn. Èmi ni Màmá gbé ọwọ́ lé lórí tí wọ́n ń ṣàdúrà fún, wọ́n ní èmi nìkan lọmọ tó kù fún àwọn. Àǹtí ṣẹ́jú sí mi pé kí n má sọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá. Mo tún dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún Màmá ni, àbí kí n máa ṣe àmín sí àdúrà tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi?