Ayọ̀ Tí Kò Jẹ́ Kí N Sùn

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Ọpẹ́ ni mo gbé wá, ọpẹ́ náà sì pọ̀ ju ẹnu mi lọ. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ orí ẹni, tó tún ń ṣọ́ ohun tó wà nínú orí, Òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ fún mi láyè díẹ̀, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Dámilọ́lá. Èmi àti ọkọ mi la ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣómólú níbí. Ọdún tí àwọn sójà fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá, ẹ rántí bí iṣẹ́ ṣe ya wọ àdúgbò yìí. Olóṣèlú kan kò tíì jáde tán tí òmíràn ti ń wọlé, gbogbo wọn ń fẹ́ pósítà, gbogbo wọn sì ń fẹ́ ẹ lónìí. Kò sí onítẹ̀wé tó rí oorun sùn dáadáa. Torí náà, nígbà tí èmi náà kò sùn, kò sẹ́ni tó fura.

Ìbò parí, àwọn tó kù lọ sùn. Èmi kò sùn. Ará, kò sì rẹ̀ mí. Ara mi yá gágá. Bí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ kan, mẹ́ta mìíràn ti ń tì í lẹ́yìn. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú mi. Mo mú agogo, mo ń wàásù láti Pedro títí dé Onípánu kí ilẹ̀ tó mọ́. Kọ́sítọ́mà kan kó bébà wá fún kàlẹ́ńdà, mo fi gbogbo bébà ọ̀hún tẹ àwọn orin tí mo ń gbọ́, mo ń pín in fún èrò lójú títì. Ọkọ mi ló lọ bẹ ọkùnrin náà. Nínú ìjọ wa yìí, wọ́n ní iná Ẹ̀mí ló bà lé mi. Ibi tí mo dúró sí yìí náà ni mo dúró sí, mo ń sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn ń sunkún ayọ̀. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Èmi gan-an gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, ó dà bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Mo sùn sílẹ̀, n kò lè dìde. Omi tí èèyàn fi ń wẹ̀ di ẹrù wúwo. Dámilọ́lá á dé láti iléèwé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò mí, n kò ní lè kí i káàbọ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí n má jí mọ́. Àwọn kan ní mo ti ṣẹ Ẹ̀mí. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Ẹnìkan wá sọ fún ọkọ mi pé kó gbé mi lọ sí ilé àdúrà kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n de aláìsàn mọ́lẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló kọ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, ará Ẹ̀gbá, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ń gbé. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ de ìyàwó àwọn, kó kọ́kọ́ de àwọn ná.

Ní kílíníkì tí a kọ́kọ́ lọ, a ṣàlàyé pé inú mi bàjẹ́, n kò lè jẹun, n kò lè dìde. Wọ́n fún mi ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kò pẹ́ tí mo fi dìde, a dúpẹ́. Àṣé mo ti ń kọjá ibi tó yẹ kí n dúró. Oorun tún dá lójú mi, lọ́tẹ̀ yìí ìbínú bá a wá. Mo ń bá gbogbo àdúgbò jà, mo ń rìn bọ́ sáàárín ọ̀nà pé mọ́tò kankan kò lè pa mí. Ìgbà yẹn ni ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba. Ẹ mọ orúkọ tí àwọn èèyàn ń pe irú ibẹ̀. Kí a tó wọ géètì, ọkọ mi fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ kí ará àdúgbò wa kankan má baà dá a mọ̀.

Dókítà obìnrin kan ló gbà wá, wọn ò kánjú. Lẹ́yìn tí ọkọ mi ti ro ẹjọ́ ìbànújẹ́ mi tán, wọ́n bi í pé, "Kí ìbànújẹ́ yìí tó dé rárá, ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí ìyàwó yín kì í sùn, tí kì í sì í rẹ̀ ẹ́?"

Ọkọ mi ní rárá. Kò purọ́. Kò wá sí i lọ́kàn pé èèyàn lè ka ayọ̀ mọ́ àìsàn ni.

Ìyá rẹ̀ yíjú sí i, wọ́n ní, "Ìgbà agogo ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí mo bá jí láti kírun àsùbáà, ìdúró ni mo ń bá a. Mo rò pé ẹ̀sìn yín ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ni mo ṣe dákẹ́."

Dókítà wá ṣàlàyé fún wa. Wọ́n ní àìsàn kan ṣoṣo ni, ojú méjì ló ní. Báípólà ni wọ́n pè é. Ó ń gbé ọkàn ròkè kọjá ààlà, ó sì ń rì í mọ́lẹ̀. Bí dókítà bá rí ojú kan péré, oògùn tó bá kọ lè ti aláìsàn sí ojú kejì, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Wọ́n ní kì í ṣe èpè, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ó lè wà nínú ìdílé, àìsùn sì lè ta á jí. Ibẹ̀ ni mo ti rántí àbúrò ìyá mi kan tí a kì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Wọ́n dá mi dúró fún ìgbà díẹ̀. Oògùn tí wọ́n fún mi, irú iyọ̀ kan ni, lítíọ́mù lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ mi wò, kó má baà pọ̀ jù lára mi. Ó ń jẹ́ kí ọwọ́ mi gbọ̀n, òùngbẹ sì ń gbẹ mí. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ tẹ́jú lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Mo padà délé, wàhálà mìíràn ti ń dúró dè mí. Aládùúgbò wa kan kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá bá Dámilọ́lá ṣeré mọ́. Bí mo bá rẹ́rìn-ín sókè ní ṣọ́ọ̀bù, kọ́sítọ́mà á yára wo ojú ọkọ mi. Arábìnrin kan ní bí mo bá ní ìgbàgbọ́ lóòótọ́, kí n da oògùn nù. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn. Àwọn orin yẹn ni. Ṣé àìsàn ni gbogbo wọn? Ṣé Ọlọ́run kò bá mi sọ̀rọ̀ rí?

Mo gbé e lọ bá Bàbá Olùṣọ́àgùntàn wa tó jókòó yìí. Mo rò pé wọ́n á ṣí Bíbélì. Wọn kò ṣí i. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, èyí tó jẹ́ ti Ọlọ́run níbẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti àìsàn, mi ò mọ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí Ọlọ́run bá ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ọ sọ, á dúró kí o sùn, kí o sì jí. Lọ lo oògùn rẹ."

Ẹ̀yin ará, ìdáǹdè mi nìyẹn. N kò sọ pé ó ti tán. Mo lo oògùn láàárọ̀ yìí kí n tó wá. Àdúrà yín kò já sásán, òun ló mú ọkọ mi dúró tì mí, òun ló mú wa bá ẹni tó mọ ìbéèrè pàdé. Bí ẹnìkan bá wà níbí tó ń fi oògùn rẹ̀ pamọ́, tàbí tó ti èèyàn rẹ̀ mọ́ yàrá nítorí ìtìjú, kó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Mo mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn náà, màá bá a lọ.

Ẹ bá mi yọ̀. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n jókòó sẹ́yìn yẹn, tí wọ́n fi ìborùn funfun bo orí. Wọn kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí láti ìgbà tí wọ́n ti dé Èkó. Ẹ yíjú sẹ́yìn, ẹ bá mi kí wọn dáadáa, lẹ́yìn náà kí gbogbo wa gbé ògo fún Ọlọ́run tó fi wọ́n sínú ilé mi.