Jìtá Lará Ò Jáde

[Fóònù ń dún. Ẹnì kan gbé e.]

DÀPỌ̀: Hẹ́lò, Lará?

LARÁ: Bọ̀dá Dàpọ̀, ẹ káàsán. Ọwọ́ ńkọ́? Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ ti lo oògùn?

DÀPỌ̀: Mo ti jẹun. Màmá se ẹ̀wà. Break lẹ wà ni?

LARÁ: Break ni. Ẹ̀yìn kíṣìnnì hòtẹ́ẹ̀lì ni mo wà. Gbogbo àdúgbò Àgọ́ Palace ò níná látàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ la fi ń ṣeré. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni—

[Ariwo jẹnẹrétọ̀.]

LARÁ: Hẹ́lò? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

DÀPỌ̀: Mo gbọ́. Kí ló dé tóhùn ẹ rí báyẹn?

LARÁ: Kò sí nǹkan. Mo kàn fẹ́ bi yín… báwo lẹ ṣe máa ń ṣe amp jìtá yín tẹ́ ẹ bá ń ta á níbí?

DÀPỌ̀: Bó o ṣe bá a yẹn náà ni. Ṣé mi ò ní kó o má fọwọ́ kàn án ni?

LARÁ: Mi ò fọwọ́ kàn án! Àfi volume.

DÀPỌ̀: O gbé volume sókè?

LARÁ: Ó ti dé òpin.

DÀPỌ̀: Lará! O fẹ́ jó o—

LARÁ: Wọn ò gbọ́ mi, Bọ̀dá! Tí mo bá dá a ta, ó ń dùn. Kí àwọn tó kù kàn wọlé báyìí, ó parẹ́. Èmi gan-an ò gbọ́ ara mi.

DÀPỌ̀: Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀?

LARÁ: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ti amp yìí ná, Bọ̀dá.

DÀPỌ̀: Lará. Kí ni Ọ̀gá Ọlánípẹ̀kun sọ?

LARÁ: Wọ́n ní mò ń pariwo, àmọ́ àwọn ò gbọ́ nǹkan tí mò ń sọ. Níwájú gbogbo band.

DÀPỌ̀: Ṣé ìyẹn nìkan?

LARÁ: Wọ́n ti pe Kọ́láolúwa.

DÀPỌ̀: Kọ́láolúwa oníjìtá? Ti Òkè-Àfà?

LARÁ: Òun. Ó ti gbé jìtá ẹ̀, ó ti wà lọ́nà. Tí wọn ò bá gbọ́ mi nínú orin tá a máa fi bẹ̀rẹ̀ báyìí, òun ló máa gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní òun ló máa dúró fún yín títí ọwọ́ yín á fi san. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Bọ̀dá. Tó bá ti jókòó síbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kò ní dìde fún yín mọ́.

DÀPỌ̀: Dúró ná. Ibo lo gbé amp sí?

LARÁ: Ilẹ̀. Ẹ̀yìn mi.

DÀPỌ̀: Ẹsẹ̀ ẹ ló ń gbọ́ ọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ ò sì létí. Wá kéèsì mínírà kan, gbé amp lé e, kó o dà á sẹ́yìn díẹ̀ kó lè kọjú sí orí ẹ. Ṣé o gbọ́ mi?

LARÁ: Mo gbọ́. Kéèsì wà níbí. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ.

[Ìgò ń ró. Mímí sókè-sódò. Nǹkan wúwo balẹ̀.]

LARÁ: Mo ti gbé e lé e.

DÀPỌ̀: Dá volume padà sí ìdajì. Bass ńkọ́?

LARÁ: Ibi tẹ́ ẹ fi sí ló wà. Ó ga.

DÀPỌ̀: Rọ̀ ọ́ wálẹ̀.

LARÁ: Ohùn ẹ̀ á gbẹ!

DÀPỌ̀: Jẹ́ kó gbẹ. Jìtá bass ló ni ìsàlẹ̀, o ò lè bá a du ú. Àárín ni tìẹ. Ibi tí wọ́n kọ mid sí, gbé e sókè. Kó o pa reverb yẹn, ìdúnpadà yẹn ló ń gbé ohùn ẹ lọ sẹ́yìn.

LARÁ: Àmọ́ báyìí kọ́ lẹ̀yin ṣe máa ń ṣe é.

DÀPỌ̀: Ọwọ́ tèmi wúwo. Ọwọ́ ẹ fẹ́lẹ́.

LARÁ: Abdulwasiu wá ńkọ́? Látìgbà tí géètì ti pa yín lọ́wọ́, ọwọ́ òsì ẹ̀ ló ń fi dí àyè yín lórí kíbọ́ọ̀dù. Gbogbo ibi tí mo bá yà sí, mo máa ń bá a níbẹ̀.

DÀPỌ̀: Ní kó gbé ọwọ́ òsì kúrò.

LARÁ: Wasiu? Á gbọ́ tèmi?

DÀPỌ̀: Ìwọ ni kó o kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Lọ sórí àwọn okùn tín-ín-rín. Má ta á lọ rẹpẹtẹ bíi tèmi. Ta díẹ̀, dákẹ́, kó o tún ta.

LARÁ: Tí mo bá ta nǹkan mìíràn, wọ́n á gbàgbé tiyín. Mò ń bá yín tọ́jú àyè yín ni.

DÀPỌ̀: Má bá mi tọ́jú ẹ̀ mọ́.

LARÁ: Ẹ ní kí ni? Ó ń já—

DÀPỌ̀: Mo ní dókítà sọ lánàá pé ìka—

[Ariwo. Ohùn já.]

LARÁ: Ìka kí ni? Bọ̀dá! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

DÀPỌ̀: Kò sí. Fi í sílẹ̀… Rárá. Lará, ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o gbọ́ mi dáadáa?

LARÁ: Mo gbọ́ yín.

DÀPỌ̀: Ìka méjì tí géètì tẹ̀ yẹn ò ní ká mọ́. Iṣan wọn ti já. Mi ò lè tẹ okùn mọ́.

LARÁ: Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ ọsibítù mìíràn—

DÀPỌ̀: Mo ti lọ. Nǹkan kan náà ni wọ́n sọ.

LARÁ: Ṣé Màmá mọ̀?

DÀPỌ̀: Wọn ò tíì mọ̀. Èmi ni màá sọ fún wọn.

[Ẹkún.]

DÀPỌ̀: Jọ̀ọ́, Lará. Tó o bá ń ta á bíi tèmi, èmi ni wọ́n á máa wá nínú ẹ̀, wọn ò sì ní rí mi. Ta tìẹ.

[Ohùn ọkùnrin láti ọ̀ọ́kán: "Ó yá o! Break ti parí!"]

LARÁ: Wọ́n ti ń pè wá. Kọ́láolúwa ti dé, Bọ̀dá, mo rí i. Ó ti ń tú jìtá ẹ̀ nínú àpò.

DÀPỌ̀: Má wò ó. Nu ojú ẹ. Gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ amp, má pa á. Ta á kí n gbọ́.

[Jìtá: ohùn mẹ́ta, kúkúrú, gbígbẹ.]

DÀPỌ̀: Mid, gbé e sókè díẹ̀ sí i!

[Jìtá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlù wọlé, bass tẹ̀ lé e, kíbọ́ọ̀dù bò wọ́n. Jìtá dákẹ́. Ó yọ láàárín wọn, ó mọ́ kedere.]

DÀPỌ̀: Hẹ̀n-ẹ́n. Dákẹ́ ná… dákẹ́… ta á báyìí. Báyìí!

[Ẹnì kan gbé fóònù.]

ỌLÁNÍPẸ̀KUN: Ta nìyí?

DÀPỌ̀: Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Dàpọ̀ ni, sà.

ỌLÁNÍPẸ̀KUN: Dàpọ̀! Àṣé ìwọ ló ń kọ́ ọ lórí fóònù.

DÀPỌ̀: Amp nìkan ni mo bá a tún ṣe, sà. Ohun tó ń ta yẹn, mi ò ta á rí.

ỌLÁNÍPẸ̀KUN: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ Lará lónìí ni. Kọ́láolúwa, dúró ná, má tíì so jìtá ẹ mọ́ nǹkan kan! Dàpọ̀, ìgbà wo lò ń bọ̀?

[Orin lọ sókè.]

ỌLÁNÍPẸ̀KUN: Ṣé o gbọ́ mi?

DÀPỌ̀: Mi ò bọ̀ mọ́, sà. Ọwọ́ mi ti bàjẹ́. Ẹ má fi àyè sílẹ̀ dè mí.

ỌLÁNÍPẸ̀KUN: Dàpọ̀… Há. Ó dùn mí o. Ó dùn mí gan-an.

DÀPỌ̀: Ẹ ṣé, sà.

ỌLÁNÍPẸ̀KUN: Àbúrò ẹ yìí wá ńkọ́, ṣé á lè máa bá wa ṣe é lọ?

DÀPỌ̀: Òun ni kẹ́ ẹ bi, sà. Ẹ jẹ́ kó ta á tán ná, kẹ́ ẹ wá—

[Ipè já.]