Ẹkún tí Habibatu Gbé Mì

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀kọ́ tí mo gbé wá lónìí kò gùn. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ má tíì bínú. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Busairi aránṣọ ń gbé ní Ìwó. Ìyàwó rẹ̀ kú. Níbi àdúà fìdáù, Habibatu, ọmọ wọn kan ṣoṣo, bú sẹ́kún. Busairi fà á wọ yàrá. Ó ní, "Kádàrá ni. Mùsùlùmí kì í bá Ọlọ́hun jà. N kò fẹ́ gbọ́ ẹkún nínú ilé yìí mọ́." Ọmọ gbé ẹkún mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹkún tí èèyàn gbé mì, ibo ló ń lọ?

Ọdún yípo. Wọ́n ń ṣe àlùwàlá ìrun Àsárì, Busairi rí i pé ọmọ kò ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ká a fún un. Ọgbẹ́ ló rí, tuntun lórí àtijọ́.

"Ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

Àlùjànnú ni Busairi rò. Ó mú un tọ lèmọ́mù àdúgbò lọ. Lèmọ́mù gbàdúrà fún ọmọ, ó wo ojú rẹ̀ títí, ó ní, "Ìbànújẹ́ ni mo rí o. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn."

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n rọra bi í pé, "Kí ló máa ń ṣe ọ́ kó o tó ṣe é?"

Habibatu ní, "Inú mi á kún, mi ò ní rí ibi gbé e sí. Ọgbẹ́, mo mọ ibi tó ti ń dùn mí. Ti ikú ìyá mi, mi ò mọ ibi tó ti ń dùn mí. Wọ́n sì ní n kò gbọdọ̀ sunkún."



Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, kì í ṣe wèrè, kì í ṣe oríkunkun. Ìrora tí kò rí ẹnu sọ ni. Ẹ máa mú un wá. Yóò pẹ́ díẹ̀."

Lójú ọ̀nà, Busairi dúró. "Habibatu, sunkún bó bá wù ọ́."

Ọmọ gbìyànjú. Ẹkún kò wá.

"Bàbá, kò jáde mọ́."

Bàbá ló wá ń sunkún lójú títì, tí ọmọ ń wò ó.

Wọ́n ṣì ń lọ sílé ìwòsàn títí dòní. Nígbà mìíràn a máa san, nígbà mìíràn ọgbẹ́ á tún yọ, Busairi á sì jókòó tì í, kò ní mọ ohun tí yóò ṣe ju ìjókòó lọ.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, sunkún nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú. Ta ni àwa tí a ó ka ẹkún léèwọ̀ fún ọmọ òrukàn? Ọlọ́hun, la etí wa sí ohun tí àwọn ọmọ wa kò lè sọ. Fún Habibatu ní àlàáfíà, kí o sì má fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Àmín.