Èmi Ni Mo Fi Abẹ́rẹ́ Gún Wáyà Díìṣì Wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti tó bí ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ fún pásítọ̀, mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a jọ ń sọ gbogbo nǹkan. Ní báyìí, oyún inú mi ti wọ oṣù tí mo máa bí. Ìyá mi ti kú, ìyá ọkọ mi ló yẹ kó wá bá mi wẹ ọmọ, ó sì ní òun ò wá. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó fà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Aránṣọ ni mí, ní Ladi-Lak l'Ékòó níbí. Ọkọ mi ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Ọmọ Ìlàjẹ ni òun, èmi ọmọ Ìjẹ̀bú. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ohun tí a kọ́kọ́ jọ rà sílé ni tẹlifíṣọ̀n àti dikódà. Díìṣì rẹ̀ wà lórí pánù ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé. Tí òjò bá rọ̀ tí afẹ́fẹ́ sì yí i, àwòrán á lọ, á wá kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé kò sí sígínà. Ọkọ mi á yọ wáyà lẹ́yìn dikódà, á fẹnu fẹ́ ẹ, á tì í padà. Tí kò bá gbọ́, á gun orí pánù, á máa yí díìṣì náà díẹ̀díẹ̀. Èmi á dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, màá máa pariwo láti ojú fèrèsé pé, "Kò tíì dé o! Ó fẹ́ dé! Ó ti dé! Háà, ẹ tún ti yí i kọjá!"

A máa ń rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ará ilé á máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ mi. Mo mọ̀ pé ohùn tèmi ló ń retí lókè yẹn.

Nígbà tó yá, bàbá ọkọ mi kú, ọkọ mi sì lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti ìlú wọn létí òkun kó má baà dá gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: obìnrin yẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó mọ ààrò ẹja sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ra ẹja tútù lọ́wọ́ àwọn ará wọn létí ọ̀sà ní Bàrígà, ó ń yan án tà. Kò pẹ́ rárá tí àwọn oníbàárà fi ń wá a láti Igbóbì. Èyí tó bá fọ́ nínú ẹja náà, inú ọbẹ̀ mi ló ń wọ̀.

Bọ́ọ̀lù ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Màmá, ìyá ọkọ mi, fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju bí ọkùnrin ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ gbá a, á fọwọ́, á jókòó sórí àga tí mo máa ń jókòó sí, ọkọ mi á jókòó sílẹ̀, á fẹ̀yìn ti orúnkún ìyá rẹ̀. Wọ́n á wá máa sọ Ìlàjẹ. Tí wọ́n bá ti ń yára sọ ọ́ báyìí, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọkọ mi á máa nu omi ojú. Tí mo bá bi í pé kí ni Màmá sọ, á ní, "Kò ṣeé túmọ̀ ni." Kò ṣeé túmọ̀! Èmi tí mo se oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ! Ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ tó ń jẹ́. Mo jowú. Mo jowú ìyá tó bí ọkọ mi bí ẹni ń jowú orogún.

Lọ́jọ́ kan, òjò tún yí díìṣì. Mo wà nínú ilé ìdáná, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ mi lórí pánù. Mo nu ọwọ́, mo sáré wọ pálọ̀ kí n lè lọ dúró síbi tí mo máa ń dúró sí. Màmá ti wà níbẹ̀. Ó ti yọrí lójú fèrèsé, ó ń pariwo ní Ìlàjẹ, ọmọ rẹ̀ ń dá a lóhùn látòkè, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó lè yí nǹkan náà. Àwòrán dé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo wọlé. Mo padà sídìí ọbẹ̀ mi, mo ń gbọ́ ẹ̀rín ọkọ mi lókè orí mi.

Oníbàárà mi kan ti sọ ọ́ rí ní ṣọ́ọ̀bù pé ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ gún wáyà díìṣì, àwòrán á lọ, ojú ibẹ̀ ò sì ní hàn. Ṣé aránṣọ á ní òun ò ní abẹ́rẹ́ ni? Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù ńlá kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo gún un lẹ́yìn kọ́tìnnì, níbi tí wáyà náà ti gba ojú fèrèsé wọlé, mo sì fi abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọkọ mi yọ wáyà, ó tì í. Ó pa dikódà, ó tàn án. Ó gun orí pánù. Màmá pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò dé. Nígbà tó sú wọn, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí èmi náà gbìyànjú." Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo rọra fa abẹ́rẹ́ yọ, mo sì pariwo, "Ó ti dé o!" Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó ní ọwọ́ mi nìkan ló ń gbọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀tàn ni, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè purọ́ fún yín.

Bí mo ṣe sọ ọ́ di àṣà nìyẹn. Tí Màmá bá mú rìmóòtù, màá yọ́ lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì, àwòrán á lọ. Tó bá di ọwọ́ mi, á dé. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ ara rẹ̀. Á ní, "Ìyàwó mi, bá mi tàn án, ọwọ́ tèmi ò bá a lára mu." Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́ nígbà yẹn.

Ọkọ mi pe oníṣẹ́ díìṣì kan wá láti Onípanu. Mo ti yọ abẹ́rẹ́ kó tó dé. Ọkùnrin náà yẹ gbogbo ẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan, kò sì fẹ́ sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ó wo díìṣì lókè, ó wo ààrò ẹja nísàlẹ̀, ó ní, "Èéfín yìí ni. Ó ti wọ orí díìṣì yín lọ, nǹkan kékeré tó yọ síwájú yẹn." Ọkọ mi wò mí. Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti la ẹnu. Mo là á lóòótọ́. Mo ní, "Èmi náà ti ń fura sí èéfín yẹn tipẹ́."

Wọ́n pààrọ̀ orí díìṣì. Ọkọ mi ní kí Màmá ṣì máa yan ẹja rẹ̀, ká wo bó ṣe máa rí. Lọ́jọ́ kejì, Màmá dáná, èéfín gòkè. Mo lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì, mo ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ padà.

Kò sẹ́ni tó jà. Ká ní wọ́n jà ni, ì bá sàn fún mi. Ọkọ mi kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ẹja yíyan sílẹ̀ ná." Màmá ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Ó bu omi, ó dà á síná.

Obìnrin tó ti ń yan ẹja láti kékeré wá ń jókòó lásán. Àwọn oníbàárà dé, ó ní kí wọ́n máa lọ. Kò wo bọ́ọ̀lù mọ́, ó ní kí òun má tún lọ ba nǹkan jẹ́. Mo ti yọ abẹ́rẹ́ náà nígbà yẹn, tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìyẹn ló sì wá jẹ́ kó dá gbogbo wọn lójú pé èéfín ni lóòótọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Màmá di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ yan ẹja nílé, níbi tí kò ti ní í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo ń bá a gbé báàgì ló bá di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyàwó mi, má bínú sí mi." Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, Màmá." Kò sí nǹkan kan! Ẹ wo ẹnu mi!

Mo rò pé tó bá lọ, ọkọ mi á padà di tèmi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá wà, á kàn máa wò ó láìrẹ́rìn-ín. Màá jókòó tì í, màá máa pariwo níbi tí kò yẹ kéèyàn ti pariwo, á rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí n má baà bínú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò tún yí díìṣì. Ó gòkè, mo gbé ikùn mi lọ dúró lójú fèrèsé. Ó yí i díẹ̀, ó sì kígbe látòkè pé, "Màmá, ṣé ó ti dé?"

Àwòrán ti dé, ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n mi ò lè pariwo.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo pe Màmá, mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá. Ó ní òun á máa gbàdúrà fún wa láti ọ̀hún, pé òun ò fẹ́ fi ọwọ́ òun kó bá ọmọ tuntun. Ó wá bi mí pé, "Ṣé tẹlifíṣọ̀n yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí?" Mo ní ó ń ṣiṣẹ́, Màmá. Ó ní, "Mo dúpẹ́ o. Ó dáa tí mo tètè lọ."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá sọ fún ọkọ mi, ó lè má fojú ìyàwó wò mí mọ́. Tí mi ò bá sọ, obìnrin yẹn á kú sí ìlú wọn pẹ̀lú èrò pé ọwọ́ òun ò dáa. Ọwọ́ yẹn náà ni mo sì fẹ́ kó wẹ ọmọ mi. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún nínú àwọn méjèèjì, báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn kí n tó bí.