Wọ́n Fi Iná Wo Awọ Ara Mi, Ìyá Mi Ò Dúró Rí I

Halelúyà! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa. Ọlọ́run wò mí sàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mi sunkún kò sí níbí lónìí.

Onídìrí ni mí, ní Ajégúnlẹ̀ níbí. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, awọ ìgúnpá mi bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn, ó ń bó bí èèpo igi. Kò pẹ́, ó dé ẹ̀yìn mi, ó dé ọwọ́ mi méjèèjì, ọwọ́ tí mo fi ń jẹun. Oníbàárà mi kan jókòó síwájú mi, ó rí ọwọ́ mi, ó dìde. Ó ní, "Àǹtí, mò ń bọ̀." Kò padà wá. Àwọn yòókù náà kò wá mọ́. Wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ ni. Ọkọ mi tó ń wa tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sínú ọkọ̀ ní Coconut, níbi tí àwọn tírélà ń páàkì sí. Kò bá mi jà. Ńṣe ni kò kàn wálé mọ́.

Ìyá mi ló kó ẹrù rẹ̀ wá bá mi. Ojoojúmọ́ ló ń fi òrí pa mí lẹ́yìn. Mo ní, "Màámi, ó lè ràn yín." Ó ní, "Inú mi lo ti jáde. Kí ló wà lára rẹ tó fẹ́ ràn mí?"

Òun náà ló fà mí dé hósípítù. Dókítà obìnrin kan di ọwọ́ mi mú láìwọ ìbọ̀wọ́. Ó ní, "Màdáámù, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í sì í ràn. Ara yín ló ń yára hu awọ tuntun ju bó ṣe yẹ lọ. Ìmọ́lẹ̀ iná kan la máa fi tọ́jú yín."

Mo bi í bóyá irú iná tí wọ́n ń polówó lórí fóònù pé ó ń mú ara dán ni.

Ó ní, "Rárá o. Ẹ má ra iná kankan fúnra yín. Èyí tí a fẹ́ lò ní ìwọ̀n."

Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ. Màá bọ́ṣọ, màá wọ awò ojú dúdú, màá dúró láàárín àwọn iná gbọọrọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Màámi á máa dúró dè mí níta.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo jáde, mo bá a tó gbé orí ti ògiri. Mo rò pé ó sùn ni. Mo pè é, kò dáhùn. Àwọn nọ́ọ̀sì gbé e wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde, ọ̀kan bi mí pé, "Ta ló bá yín wá?"

Mo ní, "Òun ló bá mi wá."

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Kò sọ fún mi rí pé òun ní in.

Mi ò fẹ́ padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní, "Tó o bá dáwọ́ dúró, wàhálà Màámi já sásán nìyẹn." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, awọ ara mi ti dán. Dókítà ní ó lè padà, kí n máa wá fún àyẹ̀wò. Mo gbà. Ọkọ mi ti wálé. A ò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Olúwa, mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ẹ̀wù alápá gígùn nínú oòrùn kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ara yín, ẹ lọ fi han dókítà. Bí ẹ kò bá rí ẹni tó máa sìn yín lọ, ẹ wá mi wá. Màá tẹ̀ lé yín.